Ṣọ́ọ̀kì tuntun fún píkọ́ọ̀pù tí a ti gbé imú rẹ̀ sókè: èwo ló bá tiyín mu?

Bí píkọ́ọ̀pù bá ń ti iléeṣẹ́ bọ̀ ní tuntun, ìdí rẹ̀ sábà máa ń ga ju imú rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹrù ń wà, wọ́n sì fi ààyè sílẹ̀ kí ìdí lè lọ sílẹ̀ bá imú nígbà tí ẹrù bá kún. Ẹni tí kì í kó ẹrù púpọ̀, tàbí tó fẹ́ fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ síwájú, ló máa ń ra kíìtì ìmúdọ́gba, èyí tó ń gbé imú sókè ní nǹkan bí 1.5 sí 2.5 íńṣì kí iwájú àti ẹ̀yìn lè dọ́gba.

Gbogbo rẹ̀ á máa dùn ún wò títí ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ wá, ìyẹn ọ̀pá olọ́ìlì tó ń dá ìjó sípíríǹgì dúró, á fi gbó. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè á dé: kí la máa rà? Orúkọ iléeṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi dá yín lóhùn. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí gígùn ṣọ́ọ̀kì ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Iwájú ọkọ̀ yín ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tó bá lọ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin "fún ọkọ̀ tí a gbé sókè ní íńṣì méjì" ti ra méjì tó gùn jù fún ẹ̀yìn, méjì yòókù sì lè má bá iwájú mu pẹ̀lú.

Ṣé ó ti gbó lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń sọ pé kí a yẹ ṣọ́ọ̀kì wò bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí 80,000 kìlómítà. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti ń jò sọ̀kalẹ̀, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká. Bí ó bá ń lọ sókè-sódò lábẹ́ ọwọ́ yín, tí ibì kan jẹ ju ibòmíràn lọ ní ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ, wíìlì yẹn ti ń fò lórí ọ̀nà nígbà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí imú ọkọ̀ dojú bolẹ̀ kíákíá, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ariwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Lórí ọkọ̀ tí a ti gbé imú rẹ̀ sókè, ìró "kọ́" tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí táyà bá sọ̀ kalẹ̀ lórí gegele ojú ọ̀nà lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ti nà dé òpin, kò sí ibi tó máa lọ mọ́. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì tuntun tó gùn bákan náà rọ́pò rẹ̀, ìró yẹn á padà wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé imú ọkọ̀ yín

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbà gbé imú ọkọ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní irú ṣọ́ọ̀kì tó gbà.

Èyí tó pọ̀ jù ni sipésà orí ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù òde òní ló ń lo ṣọ́ọ̀kì onísípíríǹgì níwájú: sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká, àwọn méjèèjì sì jọ di ẹyọ kan. Ford F-150 bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pẹ̀lú ọkọ̀ ti ọdún 2004, Toyota Hilux ní nǹkan bí 2005, Chevrolet Silverado 1500 ní 2007. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi irin kan há àárín orí ṣọ́ọ̀kì yìí àti ibi tó ti so mọ́ ṣáàsí. Nítorí pé ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kò dúró sídìí wíìlì gan-an, tó jẹ́ pé àárín áàmù ìsàlẹ̀ (áàmù ni apá irin tó so wíìlì mọ́ ṣáàsí) ló dúró lé, irin tó nípọn tó íńṣì kan lókè lè di bí íńṣì méjì nídìí wíìlì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ibí ni wàhálà púpọ̀ ti ń wá. Sipésà orí ṣọ́ọ̀kì kò fi kún ìrìn ṣọ́ọ̀kì rárá, ó kàn ti gbogbo rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ni. Bí wíìlì bá rì sínú kòtò, áàmù á sọ̀kalẹ̀ ju ibi tí wọ́n rò fún un lọ: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè, ìsopọ̀ tó so áàmù mọ́ ìdí wíìlì, á tẹ̀ dé góńgó, ṣáàfù tó ń yí wíìlì á sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Bí wíìlì bá wá gbá gegele tó sì gòkè, ṣọ́ọ̀kì lè wọlé tán kí rọ́bà ìdádúró (rọ́bà tó yẹ kó gba ìlù náà) tó kan irin. Nígbà náà, inú ṣọ́ọ̀kì ni ìlù yẹn ti ń dún, fáàfù (ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá) àti písítìnì rẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rọ́bà.

Ọ̀nà kejì ni sipésà tí wọ́n fi sí orí sípíríǹgì, nínú ẹyọ yẹn gan-an. Ó ń fún sípíríǹgì pọ̀, sípíríǹgì á sì gbé ọkọ̀ sókè. Áàmù kò ní lọ kọjá ààyè rẹ̀, torí gígùn ṣọ́ọ̀kì kò yí padà. Gbèsè tó jẹ ni pé ṣọ́ọ̀kì á ti nà tó pọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ìrìn tó kù fún un láti fi sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kò ní pọ̀ mọ́. Ibí ni ìró "kọ́" yẹn ti wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀nà kẹta jẹ́ ti ọkọ̀ onítọ́ṣọ̀n báà (ọ̀pá irin tó ń lọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì), bíi Silverado 2500HD, tí kò ní sípíríǹgì tó yí ṣọ́ọ̀kì ká. Wọ́n kàn ń yí bóòtì tàbí kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó di ọ̀pá náà mú. Ṣọ́ọ̀kì dá dúró lọ́tọ̀, nítorí náà ó rọrùn láti yàn: ẹ wá èyí tó gùn díẹ̀ ju ti iléeṣẹ́ lọ, tí wọ́n dìídì ṣe fún gígasókè tí ẹ ní.

Ọ̀nà kẹrin wà fún àwọn tí ásù ìwájú wọn jẹ́ ọ̀pá kan gbọọrọ, bíi Ram 2500 àti Ford Super Duty tí ẹ́ńjìnnì ń yí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Orí sípíríǹgì ni sipésà ń jókòó sí, íńṣì méjì sipésà sì ni íńṣì méjì ọkọ̀, kò sí ìdi-méjì. Níbí náà, ṣọ́ọ̀kì dá dúró, ó sì gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ sí i. Ẹ wo ọ̀pá tó so ásù mọ́ ṣáàsí ní ìbú pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá ti ga, ọ̀pá yẹn á fa ásù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sitẹ́ríǹgì kò sì ní dúró gbọọrọ mọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Sipésà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lásán, àbí ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé ọkọ̀ fúnra rẹ̀?

Fún ọkọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀kì onísípíríǹgì níwájú, ìbéèrè tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ lè fi sipésà sílẹ̀ kí ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn bíi ti iléeṣẹ́, tàbí kí ẹ yọ sipésà sọnù kí ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi sipésà sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì bíi Bilstein 4600, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí gíga rẹ̀ kò yí padà, tàbí ti KYB àti Monroe tó bá ọkọ̀ yín mu, ló tọ́. Owó kékeré ni, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì le. Ó dára fún ẹni tí sipésà rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ ju íńṣì kan àbọ̀ lọ, tó sì jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà ló ń rìn. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa áàmù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ní íńṣì kan àbọ̀ kò tíì burú.

Èkejì ni irú Bilstein 5100. Ara rẹ̀ ní ojú ìlà mélòó kan tí wọ́n gbẹ́ yíká, òrùka irin kan sì ń jókòó sínú èyí tí ẹ bá yàn. Orí òrùka yẹn ni àwo tí sípíríǹgì dúró lé ń sinmi. Ojú ìlà tó bá lọ sókè sí i, ọkọ̀ á ga sí i. Àǹfààní tó ní ju sipésà lọ ni pé fáàfù inú rẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ máa ga, wọ́n sì ti tò ó fún táyà tó wúwo ju ti iléeṣẹ́ lọ.

Síbẹ̀, kí a má parọ́ fúnra wa: fífún sípíríǹgì pọ̀ ni òun náà fi ń gbé ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé e sí ojú ìlà tó ga jù, ìrìn tó kù fún sísọ̀kalẹ̀ á kéré gan-an, ẹ ó sì máa gbọ́ ìró kan náà tí ẹ ń sá fún. Ojú ìlà àárín ni mo fara mọ́. Ẹ ó pàdánù bí ìdajì íńṣì ní ìwòran, ẹ ó sì jèrè ọkọ̀ tó ń rìn wọ́ọ́rọ́.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ pa méjèèjì pọ̀: sipésà lórí, ojú ìlà gíga nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì á ti nà tán, sipésà á sì tún tì í sísàlẹ̀ síwájú sí i. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ṣáàfù ni yóò san owó rẹ̀.

Kí ẹ tó yàn, ẹ wo ibi tí áàmù òkè ti sún mọ́ sípíríǹgì nígbà tí wíìlì bá rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ọ̀dà ara sípíríǹgì bá ti bó níbẹ̀ tí irin sì ń dán yanran, áàmù ti ń gbá a. Ẹ dín gíga ọkọ̀ kù, tàbí kí ẹ pààrọ̀ áàmù òkè sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ga. Ṣọ́ọ̀kì tó wọ́n jù lọ láyé kò ní dá ìgbájú yẹn dúró.

Ìpele tó ga jù ni ṣọ́ọ̀kì tó bá sípíríǹgì tirẹ̀ wá, irú Bilstein 6112, Fox 2.5, King tàbí Icon. Ẹni tó tò ó mọ bí sípíríǹgì ṣe le tó, ó sì tò fáàfù sí i. Fún ẹni tó fi bọ́ńpà irin tàbí wíǹṣì síwájú ọkọ̀, ibí ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, torí sípíríǹgì iléeṣẹ́ kò rò ti ẹrù yẹn mọ́ tirẹ̀.

Páìpù kan, páìpù méjì

Ṣọ́ọ̀kì onípáìpù méjì ni ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá. Páìpù kan wà nínú èkejì. Písítìnì ń rìn nínú ti inú, ọ́ìlì tó ṣẹ́kù ń wà láàárín àwọn méjèèjì, pẹ̀lú atẹ́gùn tàbí gáàsì náítírójìn díẹ̀ lókè. Onípáìpù kan ní páìpù ẹyọ kan tó nípọn. Písítìnì kejì tó ń léfòó nínú rẹ̀ ni ó pààlà sáàárín ọ́ìlì àti gáàsì, agbára gáàsì yẹn sì sábà máa ń ju 200 psi lọ.

Ooru ni ìyàtọ̀ gidi. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti sọ ìjó sípíríǹgì di ooru. Nínú onípáìpù méjì, ooru gbọ́dọ̀ la ọ́ìlì àti páìpù kejì kọjá kó tó dé ìta. Bó bá pẹ́ lórí ọ̀nà eléruku tó ti di ìlà-ìlà bíi pákó ìfọṣọ, atẹ́gùn á pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á máa yọ ìfóòfó, fáàfù kò sì ní rí nǹkan tó nípọn gbá mú mọ́. Ọkọ̀ á wá máa léfòó. Nínú onípáìpù kan, ara páìpù tí ọ́ìlì fara kàn ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, gáàsì sì ti tẹ ọ́ìlì mọ́lẹ̀ dáadáa, kò rọrùn fún un láti yọ ìfóòfó.

Ìwọ̀n písítìnì náà tún wà níbẹ̀. Bí onípáìpù méjì bá ní písítìnì 35 mm, tí Bilstein 5100 sì ní 46 mm, ìyàtọ̀ náà dà bíi kékeré lẹ́nu. Ẹ ṣe ìṣirò ojú písítìnì: nǹkan bí 960 mm níbùú lóòró àti nǹkan bí 1,660. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ti 6112 jẹ́ 60 mm, èyí tó mú un dé nǹkan bí 2,830. Ojú tó bá fẹ̀ kò nílò kí ọ́ìlì fún pọ̀ púpọ̀ láti dá ìjó kan náà dúró, kì í sì í gbóná kíá.

Onípáìpù méjì ní ibi tí òun náà ti borí. Òkúta lè gbá páìpù ìta kó sì tẹ̀ sínú, písítìnì á ṣì máa rìn nínú ti inú. Bí òkúta bá tẹ páìpù kan ṣoṣo yẹn, písítìnì á há, ó parí. Onípáìpù méjì tún máa ń rọ̀ lórí ọ̀nà ìlú, agbára gáàsì rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ara á fi máa mọ gbogbo ojú ìsopọ̀ ọ̀dà. Àmọ́ òòró nìkan ni a lè so ó, nígbà tí onípáìpù kan lè dojú dé. Ṣọ́ọ̀kì onífóòmù, irú èyí tí Ironman ń ṣe, jẹ́ onípáìpù méjì tí wọ́n fi fóòmù rọ́pò gáàsì. Fóòmù yẹn ló ń gba ààyè tí atẹ́gùn ì bá gbà, ọ́ìlì kì í sì í rí atẹ́gùn pò mọ́.

Onígò, ìyẹn èyí tí wọ́n so gò ọ́ìlì mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ tàbí pẹ̀lú rọ́bà, jẹ́ onípáìpù kan tí wọ́n gbé gáàsì rẹ̀ lọ sínú gò. Ọ́ìlì pọ̀ sí i, ó sì pẹ́ kó tó gbóná. Bilstein 5160 jẹ́ irú rẹ̀ fún ẹ̀yìn. Ẹni tó ń rìn ọ̀nà ọ̀dà lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀. Ẹwà ló máa rà.

| | Onípáìpù méjì | Onípáìpù kan | Onígò |
|---|---|---|---|
| Ọ̀nà ọ̀dà lójoojúmọ́ | Ó rọ̀, ó tó | Ó le díẹ̀, ó mú ọkọ̀ dúró | Ó ju ohun tí a nílò lọ |
| Ọ̀nà eléruku fún wákàtí púpọ̀ | Ó ń gbóná, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ | Ó ń pẹ́ | Ó ń pẹ́ jù |
| Òkúta tó ń ta | Ó ń fara dà á | Ó lè há | Bíi ti onípáìpù kan, rọ́bà gò náà sì lè ya |
| Owó | Kéré jù | Àárín | Pọ̀ jù |

Mẹ́rin tí ẹ máa bá pàdé

Bilstein 5100 le níbẹ̀rẹ̀. Písítìnì rẹ̀ ń ti ìjó kékeré, irú ti imú tó ń dojú bolẹ̀ tàbí ara ọkọ̀ tó ń fì ní kọ́nà, pẹ̀lú agbára púpọ̀. Bí kòtò bá gbá a lójijì, fáàfù á ṣí, kò ní máa le lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ gíga dúró bíi pé kò ga á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àga tìmùtìmù á ní ó le jù. Iléeṣẹ́ Jámánì yìí ló ṣe ṣọ́ọ̀kì onípáìpù kan olómi-gáàsì tí Mercedes-Benz kọ́kọ́ lò lórí ọkọ̀ tó pọ̀ ní 1957, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ ọn.

Fox 2.0 ti Amẹ́ríkà jẹ́ onípáìpù kan bákan náà, ara rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù, èyí tó ń tú ooru dànù kíá. Ó rọ̀ ju 5100 lọ lórí ìjó kékeré. Lórí ọ̀nà eléruku, ó máa ń dùn ún jókòó lé ju ti Bilstein lọ. Ní kọ́nà, ara ọkọ̀ á fì díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ń gbé ibi tí iyọ̀ tàbí omi òkun wà nítòsí, ẹ máa fọ alumíníọ̀mù rẹ̀ dáadáa.

Rancho RS9000XL yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì: ó ní kóńdó kékeré kan tí ẹ lè yí sí ipò mẹ́sàn-án, láti rírọ̀ dé líle. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣófo lónìí, tó sì ń fa ọkọ̀ ẹrù lọ́la, kò ní rí èyí tó bá a mu bíi rẹ̀. Páìpù kan ṣoṣo kọ́ ló ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ ooru ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sì máa yí kóńdó yẹn lóòrèkóòrè, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lójú kan nínú ẹrẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè gan.

Old Man Emu Nitrocharger Sport, ti ARB Ọsirélíà, jẹ́ onípáìpù méjì tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ sípíríǹgì tiwọn. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a wò lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kíìtì tó máa yanjú gíga ọkọ̀, ẹrù àti ìjó lẹ́ẹ̀kan náà, ó dára. Bí sípíríǹgì yín ṣì dára tó sì jẹ́ ṣọ́ọ̀kì nìkan lẹ nílò, ẹ wo ibòmíràn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ga, ẹ má ra ti ọkọ̀ gíga

Kíìtì ìmúdọ́gba kì í fọwọ́ kan ẹ̀yìn, tàbí bó bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń fi íńṣì kan ṣoṣo kún un. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ "0–1 íńṣì" sí lórí ìwé, ìyẹn fún ọkọ̀ tí a kò gbé sókè ju íńṣì kan lọ, ni kí ẹ wá fún ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n kọ "2–3" sí máa ń gùn jù nígbà tó bá wọlé tán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù tí ẹ sì gbá kòtò, yóò wọlé tán kí rọ́bà ìdádúró tó kàn. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ lókè sì lè ya, mo ti rí ibi tó ti ya.

Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó ẹrù gbọ́: ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù. Sípíríǹgì ló ń gbé e. Bí ìdí ọkọ̀ yín bá ń wọlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá kún, ṣọ́ọ̀kì tó le jù kò ní gbé e sókè; yóò kàn jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbá yín nígbà tó bá ṣófo. Ìrànlọ́wọ́ sípíríǹgì tàbí àpò afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wá. Lórí ọkọ̀ tí a ti mú dọ́gba, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i, torí kò sí ìyàtọ̀ gíga tí ẹrù á jẹ mọ́. Ìdí á lọ sílẹ̀ ju imú lọ, iná ọkọ̀ á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀, sitẹ́ríǹgì á sì fúyẹ́.

Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n

Bí ṣọ́ọ̀kì yín bá dá dúró lọ́tọ̀, téèpù lásán lè gbà yín lọ́wọ́ ìpadàlọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wọn láti àárín bóòtì òkè dé àárín bóòtì ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà ìdádúró àti ibi tí yóò kàn. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́: bí ṣọ́ọ̀kì ṣe máa kúrú tó nígbà tí rọ́bà bá kàn nìyẹn, tó bá jẹ́ pé ó dúró lóòró. Èyí tí ẹ bá máa rà gbọ́dọ̀ lè wọlé kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì íńṣì, torí rọ́bà fúnra rẹ̀ máa ń pọ̀ mọ́ra.

Ẹ wá fi jáàkì gbé ṣáàsí títí wíìlì á fi rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi sítáǹdì tì í, kí ẹ tún wọn. Kí ẹ sì wo ọ̀pá bíréèkì onírọ́bà. Bí ó bá ti fà gbọọrọ, ṣọ́ọ̀kì tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á fà á ya. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ dá wíìlì dúró kí ọ̀pá bíréèkì yẹn tó fà tán, ṣọ́ọ̀kì ló sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan náà.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ọ̀nà ọ̀dà bá lẹ ń rìn, tí ẹ fẹ́ràn ìrìn rírọ̀, tí ọkọ̀ yín kò sì ga ju íńṣì kan àbọ̀ lọ: ẹ fi sipésà sílẹ̀, ẹ ra onípáìpù méjì tó dára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá ga tó íńṣì méjì pẹ̀lú táyà ńlá, tí ẹ sì ń rìn ọ̀dà àti eruku, ẹ yọ sipésà, kí ẹ fi 5100 sí ojú ìlà àárín níwájú, kí ẹ sì fi 5100 tàbí Fox 2.0 ti "0–1" sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bi mí ni mo ń fún ní ìdáhùn yìí, n kò sì tíì rí ìdí láti yí i padà.

Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ẹrù, RS9000XL lẹ́yìn pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́. Ẹni tó fi bọ́ńpà irin síwájú, kíìtì tó bá sípíríǹgì tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń sáré nínú aṣálẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, onígò, èyí tó ṣeé tú kí a sì fi síìlì tuntun sí, bíi King, Icon àti àwọn Fox ńlá, torí ó máa nílò ìtọ́jú.

Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní wáyà iná, irú àwọn tó ní Magnetic Ride Control ti GM, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì lásán rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa tan iná ìkìlọ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀ǹpútà lóhùn wà fún ọkọ̀ yín kí ẹ tó yọ ti àtijọ́.

Èyí tí ẹ bá mú, méjì-méjì ni kí ẹ máa rà. Bí owó kò bá tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣe iwájú méjèèjì tàbí ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀tún tuntun pẹ̀lú òsì àtijọ́ á mú kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi í sí i

Sípíríǹgì tó wà lára ṣọ́ọ̀kì ní agbára tó lè pa èèyàn. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tó dúró dáadáa, ẹ gbé ẹyọ náà lọ fún ẹni tó ní in, kí ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láéláé nígbà tí sípíríǹgì ṣì fún pọ̀. Onípáìpù kan máa ń wá pẹ̀lú okùn tó dì í mọ́lẹ̀. Ẹ so ó sórí ọkọ̀ tán kí ẹ tó gé okùn náà. Onípáìpù méjì ní tirẹ̀, ẹ mú un dúró lóòró, kí ẹ nà án, kí ẹ tì í wọlé nígbà mélòó kan, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè gòkè.

Bóòtì tó wọ inú búùṣì (rọ́bà ojú ìsopọ̀), ẹ má ṣe dì í le nígbà tí wíìlì bá ń rọ̀. Ẹ fi ọwọ́ dì í díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí ẹ wá dì í le dé ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ kọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà búùṣì á lọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò sì ní pẹ́ ya.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an bó bá ṣeé ṣe, torí gíga iwájú ti yí igun wíìlì padà, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ tún iná iwájú sọ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní kámẹ́rà tó ń wo ojú ọ̀nà tàbí rédà tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó nílò àtúntò. Bí ẹ bá ti rin nǹkan bí 500 kìlómítà, ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, kí ẹ fi kan gbogbo bóòtì tí ẹ tú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ara sípíríǹgì lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá áàmù òkè ti kàn án.